Aláìsàn jẹjẹrẹ nílẹ̀ Okun: ta ni yóò bá wọn kọ ebè?

Tíṣà_Ìyàrá

Okun o, ẹ̀yin ará ilé, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí. Ẹ kú àìfaraalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà ọ̀gbìn tó kọjá. Ìyàwó ọkùnrin kan ládùúgbò wa ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn n'Íbàdàn, ọkọ ló ń bá a lọ tó ń bá a bọ̀. Ẹgbẹ́ ìlú dá owó fún wọn, ṣọ́ọ̀ṣì náà dá owó. A ò lè sọ pé àwọn èèyàn káwọ́ lẹ́rán. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dé, kò sẹ́ni tó rántí pé ọkùnrin yìí ò tíì kọ ebè kankan. Oko iṣu rẹ̀ di igbó. Ìgbà tí wọ́n fi máa parí kímò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, tí ara obìnrin náà ti ń yá, oúnjẹ ló kù tí ò sí nílé.

Èmi àti àwọn mẹ́rin kan fẹ́ kó ara wa jọ. Nọ́ọ̀sì wà nínú wa, awakọ̀ wà nínú wa. A ò fẹ́ dá ẹgbẹ́ tí yóò máa rán aṣọ sílẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni mo ní lọ́kàn, bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń ṣe é: ká bá ilé tí àìsàn wà ro oko, ká bá wọn jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ká mú ọmọ wọn dé ilé ìwé, kí ẹnì kan sì máa bá aláìsàn lọ sí ọsibítù kí ọkọ tàbí ìyàwó lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Kí lẹ rò? Kí ni ká kọ́kọ́ dáwọ́ lé? Ẹni tó ti gba irú ìtọ́jú yìí, tàbí tó ti tọ́jú ẹni tó gbà á, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ gbọ́ jù.

Ará_Mọ̀pà

Tíṣà, ẹ ṣeun, àmọ́ owó ni àìsàn yìí ń jẹ. Ọ̀wẹ̀ ò lè ra kímò. Bàbá ìyàwó mi ta ilẹ̀, ó ta ẹ̀rọ gàrí, ìtọ́jú ò tíì dé ìdajì. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe nǹkan gidi, ẹ dá àjọ sílẹ̀, kí gbogbo ọmọ Okun tó wà l'Ábújá, l'Ékòó àti lókè òkun máa san owó sí i lóṣooṣù. Ti oko, ẹ háyà lébìrà. Owó náà lẹ ó fi háyà wọn.

Ìyá_Aláṣọ_Kàbbà

Èmi ti ṣe àìsàn náà rí. Kì í ṣe èmi ni tíṣà ń sọ o, tèmi ti pẹ́ díẹ̀. Ará Mọ̀pà ò purọ́ lórí owó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí owó ò ṣe.

Aṣọ ni mò ń tà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni mo ń gba kímò, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, mi ò lè dìde nílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Àwọn oníbàárà mi kọ́kọ́ ní sùúrù, nígbà tó yá wọ́n rí ẹlòmíràn. Ẹni tó bá bá mi ṣí ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́jọ́ ọjà nìkan, oore tó ṣe mí ju ti ẹni tó fún mi ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ.

Ti àwọn àlejò ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kọ́ àwọn èèyàn yín bí a ṣe ń kí aláìsàn. Ẹnì kan wọlé, ó rí i pé irun orí mi ti re, ó bú sẹ́kún, èmi tí mo dùbúlẹ̀ ni mo wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Òmíràn jókòó pẹ̀sẹ̀, ó ní irú rẹ̀ gan-an ló pa àbúrò ọkọ òun. Àwọn aládùúrà dé, wákàtí méjì ni wọ́n fi gbàdúrà lórí mi. Mo fẹ́ràn àdúrà, ọmọ ìjọ ECWA ni mí, àmọ́ oorun ni ara tó gba kímò ń wá. Wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí epo lékè rẹ̀ wá, òórùn rẹ̀ nìkan ti tó kí n máa bì. Ẹ̀kọ tútù ni ọ̀fun mi ń gbà nígbà yẹn.

Obìnrin Bùnú kan ládùúgbò wa ló gbọ́n. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Kí lẹ lè jẹ lónìí?" Bí mo bá ní kò sí, á ṣa aṣọ ìdọ̀tí ilé jọ, á lọ fọ̀ ọ́. Kì í jókòó.

Nọ́ọ̀sì_Yàgbà

Ẹ ṣeun, màmá. Èmi ni nọ́ọ̀sì tí tíṣà ń sọ. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un, torí ẹni tó ń ṣe ìrànlọ́wọ́ láìmọ nǹkan wọ̀nyí lè ṣe aláìsàn léṣe.

Kímò máa ń dín ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ kù, àwọn tó ń bá kòkòrò àrùn jà. Láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á ló máa ń burú jù. Lásìkò yẹn, kò sí ibà kékeré. Kí tẹmómítà wà nínú ilé. Bí ara bá ti gbóná dé 38, ọsibítù ni o, kódà kó jẹ́ òru. Ẹ má ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, kí ẹ ní ẹ ó wò ó di àárọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí àwọn tó ní mọ́tò ládùúgbò mọ̀ pé ilé báyìí lè pè wọ́n lóru. Ẹni tó ní ọ̀fìnkìn tàbí tó ń wúkọ́, kó kí aláìsàn láti ojú fèrèsé.

Ìkejì, a kì í fẹ́ sọ ọ́. Ọyàn tó ti di egbò máa ń rùn. Mo ti wọ ilé tí wọ́n gbé ìyá sí yàrá ẹ̀yìn, tí àwọn ọmọ ń gbé abọ́ oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ajá. Ó dùn mí gan-an. Kòkòrò inú egbò ló ń fa òórùn yẹn, ó sì ní ohun tí a ń ṣe sí i. Ẹ bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín nípa metronidazole, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Flagyl: a máa ń lọ̀ ọ́ sójú egbò, ó sì ní èyí tí wọ́n ṣe bí ìpara. Omi iyọ̀ tí a sè tó ti tutù la fi ń fọ̀ ọ́, ẹ má da Dettol sí i. Bí òórùn bá ti rọlẹ̀, àwọn ará ilé á padà wá jókòó tì í.

Ìrora ló kẹ́yìn. Mọ́fíìn kan wà tó jẹ́ olómi, tí wọ́n ń mu. Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù pé ikú ló kàn bí wọ́n bá ti fún aláìsàn, kò rí bẹ́ẹ̀. Wákàtí tí dókítà bá kọ ni ká fún un, kì í ṣe ìgbà tí ìrora bá ti mú un pariwo. Ó máa ń mú ìgbẹ́ le, nítorí náà ẹ gba oògùn tó ń rọ ìgbẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ọsibítù UCH n'Íbàdàn ní ẹ̀ka tó jẹ́ pé ìtura aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wọn, wọ́n tún ń lọ bẹ wọ́n wò nílé láàárín ìlú. A ò ní irú rẹ̀ nítòsí, ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ìwé tó lè kọ wákàtí oògùn sórí páálí, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kó sì máa yà wò ó láràárọ̀, ó ti ṣe apá kan nínú iṣẹ́ yẹn.

Awakọ̀_Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ kú ọgbọ́n. Ẹ̀gbẹ̀ gba Ọ̀mù-Àrán lọ Ìlọrin ni ọ̀nà tèmi, mo sì máa ń gbé aláìsàn. Dókítà á ní kí wọ́n dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Láyé àtijọ́, a lè gbéra láàárín òru. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ báyìí? Nítorí àwọn ajínigbé, kò sí awakọ̀ tórí rẹ̀ pé tó máa kúrò ní gáréèjì kí ilẹ̀ tó mọ́. Bákan náà ló rí fún àwọn tó ń gba Obàjànà lọ Lọ́kọ́ja. Aláìsàn gbọ́dọ̀ lọ sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ibẹ̀ sì ni ìnáwó tí ẹnikẹ́ni ò ṣírò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ibi sísùn kí ẹ tó wá mọ́tò.

Bí wọ́n bá ń bọ̀ láti ibi kímò, ìjókòó iwájú ni kí ẹ fún wọn. Ẹ mú ọ̀rá dání fún èébì. Ẹni tí ẹgbẹ́ yín bá fà lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mò ń lọ tẹ́lẹ̀, mi ò ní gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjókòó kan ò ní sọ mí di tálákà.

Ọmọ_Ìsánlú_Ábújá

Ọ̀rọ̀ ibi sísùn ló fà mí wọlé. Àwọn tó ń gba radiotherapy, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ìtànṣán ẹ̀rọ ṣe, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń lò lábẹ́ ẹ̀rọ lójúmọ́. Ìyókù ọjọ́ ńkọ́? Mo ti rí ìyá àti ọmọ tí wọ́n tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù torí owó òtẹ́ẹ̀lì ti tán. Ẹ̀rọ yìí ò pọ̀ ní Nàìjíríà: National Hospital Ábújá ní, UCH ní, ọsibítù LUTH l'Ékòó ní ibùdó tí wọ́n ṣí ní 2019, àti àwọn díẹ̀ mìíràn. Ẹ fóònù kí ẹ tó gbéra o, ẹ̀rọ a máa bàjẹ́.

Àwa ọmọ Okun kún Kubwa, a kún Lugbe, a kún Gwagwalada. Yàrá àlejò mélòó ló wà nínú ilé wa tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí àfi nígbà Kérésì? Ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ sílẹ̀. Èmi ní yàrá kan, balùwẹ̀ rẹ̀ wà nínú. Kí ẹgbẹ́ ṣáà fi ẹni tó mọ aláìsàn ṣe onígbọ̀wọ́, torí ìyàwó mi ò ní gbà kí n kó ẹni tí a ò mọ̀ wọlé, mi ò sì lè bá a wí.

Olóyè_Èkìnrìn

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín.

Báwo lẹ ó ṣe mọ ẹni tó ń ṣàìsàn? Lọ́dọ̀ wa, wọ́n máa ń pa á mọ́ ni. Bí wọ́n bá gbọ́ pé jẹjẹrẹ ni, àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é, àwọn kan á ní àrùn ìdílé ni, wọn ò sì ní fi ọmọ wọn fún ilé náà fẹ́ mọ́. Ìyá á wá máa sọ fún aráyé pé ọgbẹ́ inú ló ń ṣe òun. Bí àjèjì mẹ́rin bá wá gbé ọkọ́ kọ́ èjìká wọ agboolé rẹ̀, ẹ ti pariwo lé e lórí nìyẹn. Ẹ má wá aláìsàn kiri. Kí nọ́ọ̀sì, pásítọ̀, lèmọ́mù tàbí olórí ẹbí bi wọ́n léèrè, kí àwọn fúnra wọn ní kí ẹ máa bọ̀.

Mi ò sì fẹ́ rí fọ́tò. Ẹni tó bá ya aláìsàn tàbí oko aláìsàn, kó máa lọ ilé rẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n gbé fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ sórí Facebook tọrọ owó, kọ́bọ̀ ò dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà.

Ará_Mọ̀pà

Ẹ ṣeun, bàbá. Mo ṣì dúró lórí owó o. Ṣé òótọ́ ni wọ́n ní ìjọba ní owó kan fún àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ?

Nọ́ọ̀sì_Yàgbà

Òótọ́ ni. Cancer Health Fund ni wọ́n ń pè é, ti ìjọba àpapọ̀. Ti ọyàn, ti ẹnu ilé-ọmọ àti ti prostate (ẹ̀yà ara kan lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin) ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, fún àwọn tí ò lówó, ní àwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kan. National Hospital wà lára wọn. Owó náà kì í wọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni, inú ìtọ́jú ló ń lọ, kò sì kárí gbogbo aláìsàn. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ medical social worker, àwọn tó ń bá aláìsàn wá ìrànlọ́wọ́ nínú ọsibítù, ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, ọ̀pọ̀ ọsibítù ńlá ló ní wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ló máa ń lọ tí wọ́n á bọ̀ láìkan ilẹ̀kùn yẹn. Iṣẹ́ ẹni tó tẹ̀ lé aláìsàn lọ nìyẹn: kó kó èsì bayọ́psì (àyẹ̀wò ẹran díẹ̀ tí dókítà mú lára kókó), káàdì àti rìsíìtì sínú fáìlì kan, kó sì máa béèrè. Aláìsàn tí ara ń ro ò lè máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí èkejì.

Akẹ́kọ̀ọ́_Kàbbà

Àwa ò lówó, a ò ní mọ́tò, oko nìkan la lè ro. Ṣé kò sí nǹkan mìíràn?

Nọ́ọ̀sì_Yàgbà

Ẹ̀jẹ̀. Kímò máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lọ sílẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ò bá sì tó, wọn ò ní fún un ní èyí tó kàn, wọ́n á ní kó padà sílé. Ẹni tó ti pé ọdún 18, tó wúwo tó kílò 50, tí ara rẹ̀ le, lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin lè tún fún wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún HIV, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ àti syphilis (àrùn ìbálòpọ̀ kan) kí wọ́n tó lò ó. Ẹ kọ orúkọ àti irú ẹ̀jẹ̀ yín sílẹ̀ fún tíṣà.

Ẹ sì bá mi sọ fún àwọn àbúrò yín obìnrin, ọmọ ọdún 9 sí 14: abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà á. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá 2023, ó kàn wá ní Kogí ní 2024.

Ọmọ_Eléwé

Òyìnbó ni gbogbo yín ń sọ. Ẹ̀yin lẹ ń kó wọn lọ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn án. Kókó tí ọ̀bẹ bá ti kàn, ó ti tàn ká ara nìyẹn. Bàbá mi ń fi ewé àti egbò wò ó.

Nọ́ọ̀sì_Yàgbà

Àbúrò, mi ò ní bú bàbá yín. Bayọ́psì kọ́ ló ń mú un tàn ká. Àwọn èèyàn wa máa ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tó ti tàn ká tán, wọ́n á gé e lóṣù yìí, á kú lóṣù tó ń bọ̀, ìlú á ní ọ̀bẹ ló pa á. Dókítà tí ò bá sì rí èsì bayọ́psì, kò lè mọ irú èyí tó jẹ́ tàbí oògùn tó bá a mu. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ bàbá ni pé, bí obìnrin bá mú kókó ọyàn wá, pàápàá èyí tí kì í dunni, kí wọ́n má dá a dúró. Ẹni tó bá sì ń mu àgbo mọ́ kímò, kó sọ fún dókítà. Àgbo mìíràn lè pa ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín lára. A ò ní jágbe mọ́ ọn.

Ìyá_Aláṣọ_Kàbbà

Wọ́n á jágbe mọ́ ọn o, nọ́ọ̀sì! Wọ́n jágbe mọ́ èmi. Ṣùgbọ́n kó ṣáà sọ ọ́.

Ọmọ_Okun_Houston

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Mo fẹ́ kó àwọn T-shirt aláwọ̀ pínkì, àwọ̀ ìpolongo jẹjẹrẹ ọyàn, ránṣẹ́ kí Oṣù Kẹwàá tó dé, kí ẹ wọ̀ ọ́ rìn láti ààfin Ọbaró yí Kàbbà ká.

Ìyá_Aláṣọ_Kàbbà

Ọmọ mi, o ṣé. Ọdọọdún la ń rí pínkì ní Oṣù Kẹwàá, bó bá di Oṣù Kọkànlá, kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́ mọ́. Owó tí o fẹ́ fi kó o wá, fi ra tẹmómítà, báńdéèjì àti pámpáàsì àgbàlagbà. Bó bá sì jẹ́ dandan kí o di páálí, kó ọmú àtọwọ́dá wá, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú kọ́mú. Àkísà ni púpọ̀ nínú àwa tí wọ́n gé tiwa ń kì bọ̀ ọ́.

Ọmọ_Okun_Houston

Ah. Mi ò rò ó débẹ̀ rárá. Ẹ fi ìwọ̀n ránṣẹ́, màmá.

Ọmọ_Odò_Ẹrẹ̀

Ẹ ò tíì sọ ti ẹni tó kú. Nígbà tí ìyá wa lọ, gbogbo ayé wá síbi ìsìnkú, a pa màlúù. Ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá wa nìkan ló kù nílé. Ọkùnrin tó ti fún ìyàwó rẹ̀ lóògùn tọ̀sán-tòru fún ìgbà pípẹ́, lójijì kò ní iṣẹ́ kankan mọ́. Bàbá ò lè sùn. Ẹ má yọ orúkọ ilé náà kúrò nínú ìwé yín kíá.

Tíṣà_Ìyàrá

Mo ti ń kà á bọ̀ láti àárọ̀, mo sì dúpẹ́. Bí ó ṣe máa rí nìyí. Ìlànà Olóyè la ó tẹ̀ lé: ẹni tó bá pè wá la ó lọ bá, kò sì sí fọ́tò. Ọmọ Ìsánlú ni yóò máa kọ orúkọ àwọn tó ní yàrá l'Ábújá, mo sì ń wá ẹni tó máa ṣe irú rẹ̀ n'Íbàdàn àti n'Ílọrin. Nínú ọ̀wẹ̀ tí a mọ̀, olóko ló ń bọ́ àwọn tó wá, èyí ò ní rí bẹ́ẹ̀. Kí kálukú jẹun láti ilé.

Ará Mọ̀pà, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ àjọ. Ibi tí owó bá ti wọ̀, ọ̀rọ̀ ìpàdé á di ta ni akápò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́ owó, kó san án sí àkáǹtì ọsibítù ní orúkọ aláìsàn, kó sì gba rìsíìtì.

Ará_Mọ̀pà

Ẹ ó padà wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ ẹ kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tó ní mọ́tò.

Àlejò_Ìyámoyè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Màmá mi ní kókó kan lọ́yàn òsì. Kò dùn wọ́n, ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, èmi nìkan ni wọ́n fi hàn. Ibo ni kí n kọ́kọ́ mú wọn lọ?

Nọ́ọ̀sì_Yàgbà

O ṣe dáadáa tí o béèrè. Ọ̀pọ̀ kókó ọyàn kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ojú lásán ò lè sọ ọ́. Ọsibítù tó ní dókítà oníṣẹ́ abẹ ni kí ẹ lọ, ECWA tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja, èyí tí ọ̀nà rẹ̀ bá rọrùn fún yín. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ àyẹ̀wò kókó ọyàn. Ẹ má fi nǹkan kan pa á kí ẹ tó lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ tàbí gbẹ́ ẹ.

Ìyá_Aláṣọ_Kàbbà

Mo ti kọ̀wé sí ẹ ní ìkọ̀kọ̀, nọ́ńbà mi wà níbẹ̀. Sọ fún màmá rẹ pé obìnrin kan tí wọ́n ti gé ọyàn tirẹ̀, tó ṣì ń tajà, fẹ́ bá wọn lọ bí wọ́n bá gbà. Ọjọ́bọ̀ ló rọ̀ mí lọ́rùn. Ìró àti bùbá ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe kaba, kí wọ́n lè bọ́ ti òkè nìkan bí dókítà bá fẹ́ wò wọ́n.